Máòsì Ni Ọrùn, Kíbọọ̀dù Ni Ẹsẹ̀

“Ilẹ̀ ti sá lọ lábẹ́ mi o!”

Màmá mi ló figbe bọnu báyẹn ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, nínú yàrá tí mo ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ àwòrán ilé lórí kọ̀ǹpútà, nítòsí Bauchi Road nílùú Jos. Wọ́n ti lé lẹ́ni ọdún márùndínlọ́gọ́rin, wọn kò sì di máòsì mú rí. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn rí Ogbómọ̀ṣọ́, ìlú àwọn. Mo ṣí Google Earth, ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi àwòrán ilẹ̀ ayé hàn, mo fi máòsì sí wọn lọ́wọ́, mo ní kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì òsì mọ́lẹ̀, kí wọ́n máa fa ilẹ̀ náà wá díẹ̀díẹ̀. Wọ́n fà á bí ẹni ń fa omi nínú kànga, wọ́n sì jọ̀wọ́ rẹ̀ lójijì. Ayé yí bírí. Jos lọ, Nàìjíríà lọ, òkun bo gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, ayé kò sì dáwọ́ yíyí dúró. Màmá di etí tábìlì mú bí ẹni tó fẹ́ ṣubú.

Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ni níṣẹ́ yìí. Mo ti rí irú ìpayà yẹn lójú ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, mo ti rí i lójú bíríkìlà, mo ti rí i lójú olùkọ́ àgbà. Olúkúlùkù wọn ló máa ń rò pé òun kò kàwé tó ni, tàbí pé òun ti dàgbà jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dà wọ́n láàmú ni pé ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn pé béèyàn bá ti wọ ayé inú kọ̀ǹpútà, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti di ọrùn, ọwọ́ òsì rẹ̀ ti di ẹsẹ̀. Ẹni tó bá mọ èyí, tó sì fara balẹ̀, yóò rìn débi tó bá fẹ́. Ìrìn àjò Màmá ni mo máa fi ṣàlàyé rẹ̀.

Gígùn, ìbú àti gíga

Bí ẹ bá ń ka lẹ́tà lórí kọ̀ǹpútà, orí ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni máòsì ti ń rìn: òkè, ìsàlẹ̀, ọ̀tún, òsì, ó parí. Ṣùgbọ́n àwọn ayé kan wà tí wọ́n kọ́ sínú kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ní gígùn, ìbú àti gíga bíi yàrá tí ẹ jókòó sí. Ẹ lè wọlé síbẹ̀, ẹ lè yí òpó po, ẹ lè gbójú sókè wo àjà. Géèmù ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ irú ayé bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ayàwòrán ilé ń fi í mú onílé rìn nínú ilé tí wọn kò tíì fi búlọ́ọ̀kù kan lélẹ̀, awakọ̀ òfuurufú sì ń fi í kọ́ iṣẹ́ kó tó fi ẹ̀mí èèyàn sínú ọkọ̀.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé pẹrẹsẹ ni ojú kọ̀ǹpútà, pẹrẹsẹ náà ni tábìlì tí máòsì wà lórí rẹ̀. Síwá-sẹ́yìn àti sọ́tùn-sósì nìkan ni máòsì mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó wà nínú ayé náà fẹ́ lọ síwájú, ó fẹ́ fà sẹ́yìn, ó fẹ́ fi ẹ̀gbẹ́ rìn, ó fẹ́ gbójú sókè, ó fẹ́ wolẹ̀. Ọwọ́ kan kò lè ṣe gbogbo rẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe pín iṣẹ́ náà fún ọwọ́ méjèèjì.

Ẹ gbé ọwọ́ òsì lé kíbọọ̀dù. Ìka àárín wà lórí W, ìka òrùka wà lórí A, ìka ìfábẹ̀lá wà lórí D. W ni ìgbésẹ̀ síwájú. Ìka àárín yẹn kan náà ló máa ń sọ̀ kalẹ̀ sórí S bí ẹ bá fẹ́ fà sẹ́yìn. A ń gbé yín fẹ̀gbẹ́ sósì, D ń gbé yín fẹ̀gbẹ́ sọ́tùn. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù, àtàǹpàkò ló ń tẹ bọ́tìnnì gígùn ìsàlẹ̀ láti fò sókè, ìka tó kéré jù sì ń tẹ Shift láti sáré. Ọwọ́ ọ̀tún di máòsì. Bí ẹ bá sún un sọ́tùn, ojú yín yí sọ́tùn. Bí ẹ bá tì í síwájú, ẹ gbójú sókè.

Òfin kan ló wà tí mo máa ń mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi sọ jáde lẹ́nu: ojú ló ń yan ọ̀nà, ẹsẹ̀ ló ń tẹ̀lé e. W kò mọ àríwá, kò mọ gúúsù. Ibi tí ojú bá kọjú sí ló ń lọ. Ẹni tó bá ń gbọn máòsì kiri bó ṣe ń tẹ W dà bí ẹni tó ń rìn lọ́jà tó ń ju orí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Yóò forí sọ ògiri láìpẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo máa ń ní kí wọ́n ṣe ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ẹ dúró, ẹ yí ojú síbi tí ẹ ń lọ. Ẹ jọ̀wọ́ máòsì, ẹ rìn. Ẹ tún dúró. Bó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, ọwọ́ méjèèjì á ti máa ṣe é pọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ronú sí i.

Ọdún 1968

Ní ọdún 1968, Màmá wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ìlọrin, wọ́n ń bọ̀ wá bá Bàbá mi tó ń ta aṣọ ní Jos. Ọmọ ogún ọdún ni wọ́n nígbà náà. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún yẹn gan-an, Douglas Engelbart dúró níwájú ogunlọ́gọ̀ èèyàn ní San Francisco lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ó fi máòsì hàn wọ́n. Àpótí kékeré kan ni, tí wáyà so mọ́ kọ̀ǹpútà. Nígbà tí mo sọ fún Màmá pé ọdún kan náà ni àwọn àti máòsì jáde sí gbangba, wọ́n yí i po lọ́wọ́, wọ́n wò ó dáadáa. Mo rò pé ìgbà yẹn ni ẹ̀rù rẹ̀ kúrò lára wọn.

Ní ọdún 1973, àwọn ọ̀dọ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó NASA kan ní California ṣe géèmù tí wọ́n pè ní Maze. Inú ọ̀nà tóóró tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ ni èèyàn ti ń rìn, tó ń wo ògiri bí ẹni pé ó wà níbẹ̀. Bọ́tìnnì ni wọ́n fi ń rìn, wọ́n sì ní láti yí igun pátápátá lẹ́ẹ̀kan bí ọmọ ogun tó ń yan. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ní 1993, Doom jáde, ìrìn wá dán geere. Síbẹ̀ èèyàn kò lè gbójú sókè wo òrùlé nínú rẹ̀. Quake tó jáde ní 1996 ló jẹ́ kí orí yí síbi gbogbo, òkè àti ilẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dennis Fong, tí àwọn eléré mọ̀ sí Thresh, gba ipò kìíní nínú ìdíje Quake ńlá kan ní Amẹ́ríkà, ẹ̀bùn rẹ̀ sì ni mọ́tò Ferrari tó jẹ́ ti John Carmack, ọ̀kan lára àwọn tó ṣe géèmù náà. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lórí W, A, S, D, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí máòsì. Àwọn eléré kárí ayé bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọwọ́ síbi tó gbé tirẹ̀ sí, títí ó fi di àṣà.

Láàárín ọdún wọ̀nyẹn kan náà, ní 1994, àwọn kan gbé èdè kan tí wọ́n ń pè ní VRML kalẹ̀, kí ayé tó ní gíga lè wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti inú rẹ̀ ni a ti rí ìpín mẹ́ta tí mo ṣì ń fi kọ́ni dòní: rírìn, fífò, àti yíyí nǹkan wò. Bí ẹ bá ń rìn, ilẹ̀ di ẹsẹ̀ yín mú, ògiri sì dá yín dúró. Bí ẹ bá ń fò, ẹ̀yin àti ẹyẹ kò yàtọ̀. Bí ẹ bá ń yí nǹkan wò, ẹ̀yin kò kúrò lójú kan. Ohun náà ló ń yí lọ́wọ́ yín, bí ẹni ń yẹ ìkòkò wò lọ́jà kó tó sanwó. Ìdajì ìdààmú akẹ́kọ̀ọ́ ló ń wá látinú pé ó rò pé òun ń rìn, nígbà tó jẹ́ pé ńṣe ló ń yí nǹkan wò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Màmá nìyẹn. Nínú Google Earth, ilẹ̀ ni a ń fà, bí ẹni fa ẹní sọ́dọ̀. Bí ẹ bá fà á tipátipá, tí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀, yóò máa yọ̀ lọ fúnra rẹ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnnì òsì lẹ́ẹ̀kan péré, yóò dúró. Mo kọ́ wọn ní èyí ṣáájú ohun gbogbo, nítorí ẹni tó bá mọ bí òun ṣe lè dúró kì í bẹ̀rù láti lọ.

Títẹ̀lé ojú irin

Màmá kò mọ máàpù kà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ọ̀nà tí wọ́n gbà wá. Mo ní, “Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé ojú irin padà.” A bẹ̀rẹ̀ láti ìlú Jos níhìn-ín. Mo fi kẹ̀kẹ́ kékeré tó wà láàárín máòsì hàn wọ́n: ẹ yí i síwájú, ẹ sún mọ́lẹ̀, ẹ yí i sẹ́yìn, ẹ gòkè. Mo ní kí wọ́n tẹ kẹ̀kẹ́ náà mọ́lẹ̀, kí wọ́n sì fà á, ilẹ̀ á sì dùbúlẹ̀ níwájú wọn, òkè á yọrí. Àwọn òkè Shere yọ sí wa ní apá ìlà-oòrùn. Màmá ní, “Òkè tí mò ń rí látẹ̀yìnkùlé mi nìyí!”

Bí a ṣe ń lọ sí Bukuru, wọ́n rí àwọn adágún omi tó tàn káàkiri bí àwo tí wọ́n tú sílẹ̀. Kòtò tí iṣẹ́ ìwakùsà tin fi sílẹ̀ ni. Màmá mọ̀ wọ́n láti ọdún pípẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀ pé wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ kò lè fi hàn wọ́n tán.

Mo wá ní kí wọ́n máa wo nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà. Òun ló ń sọ bí ilẹ̀ ṣe ga sí ju òkun lọ. Ní Jos, ó lé ní 1,100 mítà. Lẹ́yìn Kuru, nígbà tí ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Kafanchan, nọ́ńbà náà ń já bọ́ bí omi inú agbè. A kọjá Kaduna, a kọjá Minna. Ní Jebba, níbi tí afárá ojú irin ọdún 1916 ti sọdá odò Ọya, kò tó 200 mítà mọ́. Màmá dákẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n sọ ohun tí n kò gbọ́ lẹ́nu wọn rí: pé nígbà tí ọkọ̀ wọn ń bọ̀ lóru ọjọ́ yẹn, òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn lẹ́yìn Kafanchan, àwọn sì rò pé ibà ló ń bọ̀, àwọn ń gbàdúrà kí àwọn má bá àìsàn dé ilé ọkọ. Gíga ni. Bí a bá gòkè tó 1,000 mítà, òtútù máa ń fi bí ìwọ̀n mẹ́fà lórí ìwọ̀n Celsius le sí i. Ó lé ní àádọ́ta ọdún kí Màmá tó mọ ohun tó ṣe wọ́n lálẹ́ yẹn, nọ́ńbà kan nísàlẹ̀ kọ̀ǹpútà ló sì sọ ọ́ fún wọn.

Ní Jebba yẹn náà ni òòyì ti kọ́ wọn. Ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú èyí. Omi kan wà nínú etí wa lọ́hùn-ún tó ń sọ fún ọpọlọ bóyá à ń rìn tàbí a dúró. Bí ojú bá ń sọ pé à ń fò, tí etí ń sọ pé a jókòó, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í rú. Ẹ jẹ́ kí iná wà nínú yàrá. Ẹ sún àga sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ máa yí ojú jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹ sì máa wo ohun kan tó dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Bí kọ̀ǹpútà bá ń fa ẹsẹ̀, tí àwòrán ń já kù-kù-kù, òòyì á pọ̀ sí i; ẹ dín ẹwà àwòrán kù kí ìrìn lè dán. Bó bá sì ti ń ṣe yín, ẹ dìde. A lọ mu kunu, a padà wá lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú.

Nípa irinṣẹ́, ẹ má fi ojú ìfọwọ́rá láptọ́ọ̀pù kọ́ iṣẹ́ yìí. Ẹ ra máòsì tó ní kẹ̀kẹ́ láàárín, kò wọ́n. Bí ayé bá ń sáré jù, ẹ dín eré máòsì kù nínú ètò kọ̀ǹpútà. Dátà tó wọ́n kò ní kó dá yín dúró, nítorí Google Earth máa ń pa ibi tí ẹ ti wò mọ́ fún ìgbà díẹ̀, ẹ sì lè padà síbẹ̀ láìlo dátà. Bí ẹ bá ṣìnà, ẹ tẹ N, iwájú yín á kọjú sí àríwá. Ẹ tẹ U, ẹ̀ ń wolẹ̀ láti òkè tààrà. Ohun tí mo máa ń sọ fún ẹni tó bá sọnù nìyẹn: ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí òkè wà, kí ẹ mọ ibi tí ẹ kọjú sí, kí ẹ tó gbẹ́sẹ̀.

Láti Ìlọrin, wọ́n fi ojú irin sílẹ̀, wọ́n tẹ̀lé títì dé Ogbómọ̀ṣọ́. Wọ́n rí Tákìé. Wọ́n rí ààfin Ṣọ̀ún, ọba ìlú náà. Wọ́n ń yà sọ́tùn, wọ́n ń yà sósì, èmi kò fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́. Wọ́n dé agboolé wọn, wọ́n yí kẹ̀kẹ́ máòsì síwájú, wọ́n ń sún mọ́lẹ̀, wọ́n ń sún mọ́lẹ̀. Àwọn ilé náà bá tẹ́ bẹẹrẹ lórí ilẹ̀ bí àwòrán tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀. Òkè àti àfonífojì nìkan ló ní gíga níbẹ̀. Ilé bàbá wọn kò tilẹ̀ sí nínú àwòrán náà. Òjò ti wó o láti ọdún pípẹ́. Wọ́n ní, “Mo dé, n kò rí ẹnu ọ̀nà wọlé.”

Ohun tí a rí ní Jos Museum

Ọ̀rọ̀ Màmá yẹn mú mi rántí ìgbà tí mo wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n kó wa lọ sí Jos Museum, èyí tí Bernard Fagg dá sílẹ̀ ní 1952. Àwọn ère Nok ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n fún, ṣùgbọ́n ohun tó gba ọkàn mi lọ́jọ́ yẹn wà níta, ní apá ibi tí wọ́n ti ń ṣe àfihàn ilé ìbílẹ̀ Nàìjíríà. Zbigniew Dmochowski, ayàwòrán ilé láti Poland, ló ṣe iṣẹ́ náà. Láti òpin àwọn ọdún 1950 ló ti ń wọn ilé àwọn baba wa ní orígun Nàìjíríà gbogbo, tó ń yà wọ́n sórí ìwé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ́ àwọn kan lára wọn sí Jos, ní títóbi tó ṣe é wọ̀: odi Kano, mọ́sáláṣí Zaria, mọ́sáláṣí Ìlọrin. Láàárín wákàtí kan, èmi ọmọdé fi ẹsẹ̀ ara mi rìn láti Kano dé Zaria dé Ìlọrin. Dmochowski kú ní 1982, ìwé rẹ̀ onípele mẹ́ta sì jáde ní 1990. Mo gbà pé ọjọ́ yẹn ni mo yan iṣẹ́ mi. Mo rí i pé bí a bá wọn ilé kan dáadáa, a lè gbé e kúrò níbi tó wà, ẹlòmíràn sì lè wọ inú rẹ̀.

Mo sọ èyí fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, akẹ́kọ̀ọ́ mi, ó sì ní òun á kọ́ ilé bàbá Màmá tí òjò wó yẹn sínú kọ̀ǹpútà fún Màmá Àgbà. Blender, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ́ irú ayé tó ní gíga bẹ́ẹ̀, ló lò. Ọ̀fẹ́ ni, láti ọdún 2002 tí àwọn tó ń lò ó ti dá 100,000 yúrò jọ kí ó lè di ti gbogbo ayé. Kò sì nílò dátà bó bá ti wà lórí kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n fọ́tò ilé náà kò sí. Màmá nìkan ló wà.

Nítorí náà Màmá fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n. Wọ́n dúró lágbàlá mi, wọ́n pajú dé, wọ́n ń rìn: láti ìloro dé ìdí àmù, ìgbésẹ̀ mọ́kànlá, láti ìdí àmù dé ẹnu yàrá Bàbá, mẹ́fà. Ọmọ náà fi téèpù wọn gígùn ìgbésẹ̀ wọn. Ó béèrè bóyá ọ̀dọ́ ń gbé ẹsẹ̀ gùn ju báyìí lọ, Màmá ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì fi díẹ̀ kún un. Bí òpó ṣe ga tó, wọ́n nawọ́ sókè fi hàn. Ó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Lọ́jọ́ tí ó parí, ó gbé ojú ìwòran sí ìwọ̀n gíga Màmá gẹ́lẹ́. Wọ́n gbé ọwọ́ òsì lé W, A, S, D, ọwọ́ ọ̀tún lé máòsì. Kò sí ẹni tó sọ nǹkan kan fún wọn. Wọ́n wọ ìloro. Wọ́n dúró, wọ́n yí ojú, wọ́n rìn. Wọ́n ní àmù ti sún mọ́ ògiri jù, ọmọ náà kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n gbójú sókè wo páànù, wọ́n ní ihò kan wà níbẹ̀ tí oòrùn ń gbà wọlé lọ́wọ́ ìyálẹ̀ta, ó tún kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n yí òpó po. Wọ́n rìn ìgbésẹ̀ mẹ́fà, wọ́n dé ẹnu yàrá bàbá wọn, wọ́n sì dúró.

Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Mo rò pé òòyì tún ti dé, mo fẹ́ sún àga wọn sẹ́yìn.

Wọ́n ní, “Rárá, dúró ná. Èwo ni màá tẹ̀ kí n lè kúnlẹ̀?”

Mo fi Q hàn wọ́n, òun ló ń sọ ojú ẹni kalẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́.